Kókó Lára Ajá: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Jẹjẹrẹ

Nínú àwọn lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí láti Àbújá, Kàdúná, Jọ́s àti Kánò, ọ̀rọ̀ kókó àti jẹjẹrẹ ló pọ̀ jù. Ohun kan sì ń dùn wá bí a ṣe ń kà wọ́n: ọ̀pọ̀ ajá ni wọ́n ti dájọ́ ikú fún, òmíràn ti gba oògùn lóríṣiríṣi, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ fa sẹ́ẹ̀lì inú kókó náà wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ojú lásán kì í dá jẹjẹrẹ mọ̀, ọwọ́ tó ń tẹ kókó náà kò sì lè sọ bóyá jẹjẹrẹ ni tàbí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan, sírínjì 5 ml àti gíláàsì pẹlẹbẹ ló ń yanjú èyí tó pọ̀ nínú àríyànjiyàn yìí. Ẹ ó rí i pé ibẹ̀ la ń padà sí nínú ọ̀pọ̀ ìdáhùn wa.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin dókítà wa. Abo ajá wa, ọmọ ọdún mẹ́ta, ti ń kán ẹ̀jẹ̀ lójú ara láti bí oṣù méjì. A kọ́kọ́ rò pé àsìkò tó ń wá akọ ni, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ náà kò dá. Ìgbà tí a wẹ̀ ẹ́ la rí ẹran pupa kan tó yọ síta, ó rí gbágungbàgun, bí a bá sì ti fọwọ́ kàn án ni ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn ará ilé ní jẹjẹrẹ ni, kí a tètè lọ sọ ọ́ nù kó má baà ran àwọn ọmọ. Kí la ó ṣe? *Ìyá Ìbejì, Kubwa*

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú àníyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ nù. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe yìí jọ jẹjẹrẹ kan tí àwọn dókítà ẹranko ń pè ní TVT, ó sì wà lára àwọn tó gbọ́ oògùn jù lọ nínú gbogbo jẹjẹrẹ ajá. Kò lè gbé lára ènìyàn, nítorí náà kí ọkàn yín balẹ̀ lórí àwọn ọmọ.

Jẹjẹrẹ yìí ṣàjèjì. Kì í ṣe kòkòrò àìlèfojúrí ló ń fà á. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ ló ń bọ́ lára ajá kan tó sì ń lẹ̀ mọ́ ara òmíràn, nígbà tí akọ bá gun abo, tàbí tí ajá bá ń gbóòórùn ìdí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó sì ń lá a. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń hù nínú imú tàbí lẹ́nu àwọn ajá míì, tí olówó wọn á rò pé habo, ẹ̀jẹ̀ imú, lásán ni. Sẹ́ẹ̀lì ajá tó ń ṣe dáadáa ní kúrómósómù 78. Ti TVT kì í sábà ju bí 59 lọ. Àwọn onímọ̀ fi èyí mọ̀ pé kò hù láti ara ajá tó ní in. Ara ajá kan tó ti kú láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ló ti bẹ̀rẹ̀, tí ajá sì ń kó o ran ajá títí dòní. Ní àdúgbò bíi tiyín, àti ní Nyanya àti Mararaba, tí ajá aláìlólówó pọ̀ ní ìgboro, kí géètì ṣí sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí nígbà tí abo ń wá akọ ti tó.

Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Yóò kọ́kọ́ fi gíláàsì tẹ ojú ẹran náà, yóò pa á láró, yóò sì wò ó. Sẹ́ẹ̀lì TVT máa ń rí róbótó, ihò kéékèèké tó mọ́ gaara sì máa ń tò sínú rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kì í ṣì í mú. Àmọ́ bí ohun tó ń jáde bá jẹ́ ọyún tó ń rùn, tí ajá ń mu omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tí kò sì jẹun, ó lè jẹ́ pé ilé ọmọ ló kún fún ọyún. Ìyẹn kò gbọdọ̀ di ọ̀la kí ẹ tó gbé e dé ilé ìwòsàn.

Oògùn TVT ni vincristine, abẹ́rẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ dókítà ń lò ni 0.025 mg fún kílò kan, kì í sì í sábà kọjá 1 mg lẹ́ẹ̀kan. Ajá kílò 20 yóò gba 0.5 mg, ìyẹn ààbọ̀ ml nínú ìgò tó jẹ́ 1 mg nínú ml kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ló ń tó èyí tó pọ̀ jù. Àwọn kan a máa dé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ṣáájú abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ka sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá ti wá sísàlẹ̀ 4,000 nínú microlitre kan, kí wọ́n sún abẹ́rẹ́ náà síwájú ní ọjọ́ díẹ̀.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ nìyí. Bí vincristine bá jò sí abẹ́ awọ dípò inú iṣan, ẹran ibẹ̀ á kú, á dúdú, á sì re dànù. Kí dókítà fi kánúlà tuntun sí i, èyí tó wọlé ní ìgbìyànjú àkọ́kọ́, kó fi omi iyọ̀ ṣàn án ṣáájú àti lẹ́yìn, kí ẹni tó mọ ajá náà sì dì í mú dáadáa. Tí ẹsẹ̀ náà bá wú lọ́jọ́ kejì, ẹ padà lọ kíákíá. Aṣọ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n ń fi lé e, kì í ṣe yìnyín. Ìkejì ni ìtọ́jú oògùn náà. Inú fíríìjì ni ó ń gbé, láàárín 2 àti 8°C, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti kàn án. Ẹ má tijú láti bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ nígbà tí iná bá lọ.

Ìkẹta ló sì ń dùn wá jù, torí ọwọ́ olówó ajá ló wà. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kejì, ẹ̀jẹ̀ á dá, ẹran náà á sún kì, wọn á sì ní ó ti san. Kò tíì san. Sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́kù á tún hù, òmíràn nínú wọn kò sì ní gbọ́ vincristine mọ́. Ẹ parí rẹ̀ títí dókítà yóò fi wò ó tí kò rí nǹkan kan mọ́. Bákan náà, iṣẹ́ abẹ nìkan kì í sábà tó, nítorí ọ̀bẹ lè gbin sẹ́ẹ̀lì náà sí ojú ọgbẹ́.

Fún wákàtí 72 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, oògùn náà wà nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí ẹ bá ń kó o, ẹ da omi púpọ̀ sí ojú ibi tó tọ̀ sí, kí aláboyún, ìyá ọlọ́mú àti ọmọdé má ṣe é rárá. Ìgbẹ́ rẹ̀ lè le díẹ̀. Bí kò bá yàgbẹ́ fún ọjọ́ méjì, ẹ sọ fún dókítà. Nígbà tó bá ti yá pátápátá, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀.

Ìbéèrè: Rottweiler mi, abo, pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Kókó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmú rẹ̀ tó kẹ́yìn, kò tóbi, kò sì dùn ún. Ẹni tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀ ní kí n máa wò ó ná. Mo ti máa ń fún un ní abẹ́rẹ́ ìfètò sí ọmọ bíbí, kí ó má baà lóyún. *Bàbá Àdùkẹ́, Lugbe*

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, Bàbá Àdùkẹ́. A kò fara mọ́ "máa wò ó ná" yẹn. Nǹkan bí ìdajì kókó ọmú lára abo ajá ló ń jẹ́ jẹjẹrẹ gidi, kò sì sí ẹni tó lè fi ìka ya ìdajì méjèèjì sọ́tọ̀. Èyí tí kò tíì tó sẹ̀ǹtímítà 3 ní ìrètí ju èyí tó ti kọjá bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá dúró títí yóò fi tóbi kí ó tó ṣe nǹkan ti fi àǹfààní tó ní ṣòfò. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n lónìí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì.

Ọmú ajá sábà máa ń jẹ́ mẹ́wàá, márùn-ún lọ́tùn-ún, márùn-ún lósì. Ẹ dà á dùbúlẹ̀, ẹ fi ìka méjì rọra tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan láti àyà títí dé itan, torí kókó kì í sábà dá nìkan wà. Méjì tó kẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó fẹ́ràn jù. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ya ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ní X-ray lẹ́ẹ̀mẹta, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ní ẹ̀gbẹ́ òsì àti ní ìfẹ̀yìnlélẹ̀ tàbí ìdàyàdélẹ̀. Àwòrán kan ṣoṣo lè pa kókó kékeré mọ́ lẹ́yìn ọkàn. Bí ẹ̀dọ̀fóró bá mọ́, kí wọ́n gé kókó ọmú náà.

Ohun tí wọ́n gé jáde kọ́ ni ohun ìdànù. Ó bà wá nínú jẹ́ gan-an pé inú garawa ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń parí sí. Kí wọ́n fi sínú fọ́málínì 10%, fọ́málínì ní ìlọ́po mẹ́wàá ẹran náà, nínú ike ẹlẹ́nu gbòòrò, kí wọ́n sì la ẹran tó bá nípọn kí oògùn lè wọ inú rẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì ní Gwagwalada, ti Ahmadu Bello ní Zaria, àti ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹranko ní Vom ló yẹ kí dókítà yín kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò yìí. Èsì rẹ̀ ló ń sọ bóyá a gé e tán tàbí ó kù.

Bí gbogbo ọmú bá pọ́n, tó gbóná, tó le gbagidi, tí ajá kò jẹ́ kí a fọwọ́ kàn án, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tètè fi ọ̀bẹ kàn án. Irú jẹjẹrẹ kan wà tó ń rí bẹ́ẹ̀ tí iṣẹ́ abẹ kì í ṣe é lóore. Ó sì tún lè jẹ́ ọmú tó ń kẹ̀ nìkan, èyí tí oògùn apakòkòrò àrùn yóò wò.

Ní ti abẹ́rẹ́ ìfètò náà, ẹ dá a dúró. Ó ń mú kí kókó ọmú hù, ó sì ń fa ọyún sínú ilé ọmọ. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1969 ni àwọn dókítà ṣì ń tọ́ka sí títí dòní: bí a bá pe ewu jẹjẹrẹ ọmú lára abo tí a kò yọ ilé ọmọ rẹ̀ ní 100, ti èyí tí a yọ tirẹ̀ kí ó tó wá akọ rárá jẹ́ 0.5, lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ ó di 8, lẹ́yìn ìgbà kejì ó di 26. Ẹ wo bí ó ṣe ń fò sókè. Ẹni tó bá ní abo tí kò tíì pé ọdún kan, kó bá dókítà sọ̀rọ̀ lóṣù yìí, kó sì béèrè ìgbà tó bá irú ajá tirẹ̀ mu.

Ìbéèrè: Kókó méjì yọ lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ Alsatian mi, òmíràn tún wà lẹ́yìn orúnkún rẹ̀. Oníkẹ́míìsì àdúgbò fún un ní prednisolone. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta gbogbo rẹ̀ wálẹ̀, inú mi dùn, àmọ́ ó ti padà báyìí, ó sì tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. *Olùkọ́ kan, Barnawa, Kàdúná*

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Olùkọ́. Àwọn kókó wọ̀nyẹn wà lára gbogbo ajá. Ibẹ̀ ni ara ti ń bá àrùn jà: lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, níwájú èjìká, ní abíyá, ní itan àti lẹ́yìn orúnkún. Tí wọ́n bá wú lẹ́ẹ̀kan náà, a máa ń ronú jẹjẹrẹ kan tí wọ́n ń pè ní lymphoma. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa níbí, kò gbọdọ̀ jẹ́ òun nìkan la ó ronú. Àìsàn tí eégbọn ń kó ran ajá a máa wú àwọn kókó yìí gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ibà, ẹ̀jẹ̀ dídà nímú àti èrìgì tó funfun. Àìsàn tí eṣinṣin sísé ń gbé kiri náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá fún ajá ọdẹ tó ń wọ igbó. A mọ àwọn ajá tí wọ́n ti kà sí òkú tó jẹ́ pé doxycycline, oògùn àìsàn eégbọn yẹn, 10 mg fún kílò kan lójúmọ́ fún ọjọ́ 28, ni ó yẹ kí wọ́n lò.

Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́: kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lórí gíláàsì, kí wọ́n sì wọn PCV, ìyẹn ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà, abẹ́rẹ́ oníwọ̀n 22 tàbí 23 sínú kókó. Kí wọ́n fa èyí tó wà lẹ́yìn orúnkún tàbí níwájú èjìká. Èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè wú nítorí eyín tó jẹrà, á sì da èsì rú.

Ní ti prednisolone, ohun tó ṣe gan-an nìyí. Ó ń pa sẹ́ẹ̀lì lymphoma fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà kókó á wálẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó yè á wá kọ́ bí yóò ṣe kọ oògùn, kì í sì í ṣe prednisolone nìkan ni yóò máa kọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó bá fa kókó náà nígbà tó ti wálẹ̀ lè máà rí nǹkan. Bí ó bá sì jẹ́ àìsàn eégbọn ni, oògùn yẹn ti dín agbára tí ara fi ń jà kù. Ẹ sọ fún dókítà iye mílígíráàmù àti iye ọjọ́ tó ti lò. Tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má já a lójijì. Dókítà ni yóò dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Bí ó bá wá jẹ́ lymphoma, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún yín. Láìtọ́jú, ọ̀pọ̀ ajá kì í kọjá oṣù kan sí méjì. Prednisolone nìkan kì í fi kún un ju ìwọ̀nba oṣù kan sí méjì. Àpapọ̀ oògùn mẹ́rin, vincristine, cyclophosphamide, doxorubicin àti prednisolone, máa ń mú kí kókó pòórá lára ajá bíi 8 nínú 10, ìdajì wọn sì máa ń lò tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í wò ó sàn pátápátá, ó ń ra ìgbà rere ni. Doxorubicin a máa ṣe ọkàn ní jàǹbá, cyclophosphamide a máa ta àpò ìtọ̀, nítorí náà ọwọ́ ẹni tó ti ṣe é rí ló yẹ kó wà. Bí owó tàbí ọ̀nà bá jẹ́ ìdènà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ẹ yan prednisolone nìkan, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ẹ mọ ohun tí ẹ yàn.

Ìbéèrè: Ajá wa ti gba abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ lẹ́ẹ̀mejì. Kò fẹ́ jẹun mọ́. Ṣé mo lè fún un ní àgbo, kí ara rẹ̀ lè le? *Àǹtí Bísí, Nyanya*

Ìdáhùn: Rárá o, Àǹtí, ẹ má fún un ní àgbo báyìí. Ẹ̀dọ̀ ló ń tú vincristine palẹ̀. Bí àgbo bá dà á láàmú, oògùn á pẹ́ lára ju bó ti yẹ lọ. Ẹ béèrè oògùn tí kò ní jẹ́ kí ó máa bì lọ́wọ́ dókítà, maropitant ni èyí tó dára jù. Ẹ sè ẹyin, tàbí adìyẹ tí a yọ eegun rẹ̀ kúrò, tàbí ẹja títọ́ọ̀sì pẹ̀lú ìrẹsì rírọ̀, ẹ gbé e fún un ní lọ́wọ́ọ́wọ́ kí òórùn rẹ̀ lè fà á, díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Kò gbọdọ̀ sí àlùbọ́sà nínú rẹ̀, torí ó ń ba sẹ́ẹ̀lì pupa jẹ́. Ọbẹ̀ àjẹkù kò dára fún un. Kí ó má jẹ ẹran tútù ní àsìkò yìí. Ẹ gbé e, ẹ jọ gun òṣùwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ wá yọ ìwọ̀n tiyín kúrò. Bí ó bá ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá ara rẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó kàn.

Ẹ ra tẹmómítà, ẹ fi òróró pa á lẹ́nu, ẹ rọra tì í bọ ihò ìdí rẹ̀ láàárọ̀, pàápàá láàárín ọjọ́ karùn-ún sí ìkẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́, torí ìgbà yẹn ni sẹ́ẹ̀lì funfun ń kéré jù. 38.3 sí 39.2°C ni ara ajá tó dá. Ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin ní Àbújá lè gbé e sókè lásán, nítorí náà tó bá ga ní ọ̀sán, ẹ gbé e sí ibi tútù fún ìdajì wákàtí kí ẹ tún un wọ̀n. Bí ó bá ṣì kọjá 39.5, ilé ìwòsàn ni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má lo parasitamọ́ọ̀ nílé.

Ìbéèrè: Boerboel mi ń tiro ní ẹsẹ̀ iwájú láti oṣù kan, ibì kan sì wú lókè ọrùn ẹsẹ̀ náà. Diclofenac ni mo ń fún un. Ẹnì kan ní kí n pe ẹni tó ń to eegun. *Bàbá Fẹ́mi, Rayfield, Jọ́s*

Ìdáhùn: Bàbá Fẹ́mi, ẹ dá diclofenac dúró lónìí. Òun àti ibuprofen a máa dá ihò sí ikùn ajá, wọ́n sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà tàbí èébì ẹlẹ́jẹ̀ jẹ́ àmì pé ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa ẹsẹ̀ náà tàbí fi igi dì í kí ẹ tó ya X-ray. Jẹjẹrẹ eegun fẹ́ràn ajá ńlá, ibi tí ẹ sọ yẹn sì wà lára ibi tó máa ń gbé jù: òkè ọrùn ẹsẹ̀ iwájú, ẹ̀bá èjìká, àti tòkè tìsàlẹ̀ orúnkún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Eegun tí ó ti jẹ inú rẹ̀ kì í le mọ́. Fífà tàbí títẹ̀ lásán lè dá a sí méjì.

Ìrora ni ọ̀tá tó kọ́kọ́ yẹ kí ẹ bá jà. Meloxicam ti ajá ni kí dókítà yẹ̀ wò, 0.2 mg fún kílò kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà 0.1 lójúmọ́ pẹ̀lú oúnjẹ, lẹ́yìn tí a bá ti yẹ kíndìnrín wò tí diclofenac sì ti kúrò lára rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Kò gbọdọ̀ bá prednisolone pàdé. Gabapentin a máa ràn án lọ́wọ́. Tramadol kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ lára ajá bó ṣe ń ṣe lára ènìyàn.

Gígé ẹsẹ̀ náà ló ń mú ìrora kúrò pátápátá. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ń ba ènìyàn lẹ́rù, ṣùgbọ́n ajá tí orí rẹ̀ pé tí ẹsẹ̀ mẹ́ta yòókù sì dára a máa rìn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Boerboel wúwo, torí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ìbàdí àti orúnkún rẹ̀ dáadáa ná. Nígbà tí a bá fi máa rí wíwú, sẹ́ẹ̀lì ti ṣí lọ sí ẹ̀dọ̀fóró lára ọ̀pọ̀ jù lọ, bí X-ray kò tilẹ̀ fi hàn. Gígé nìkan ń fún ìdajì wọn ní oṣù mẹ́rin sí márùn-ún. Gígé pẹ̀lú oògùn bíi carboplatin, nǹkan bí oṣù mẹ́wàá sí ọdún kan.

Ìbéèrè: Ajá wa ti bá wa gbé fún ọdún mọ́kànlá. Jẹjẹrẹ rẹ̀ ti tàn ká. Dókítà ní a lè jẹ́ kó sùn. Ọkọ mi ní a kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ẹ̀mí. Àwọn ọmọ ń sunkún. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe. *Ìyá Tóbi, Gwarinpa*

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Tóbi. Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọdún mọ́kànlá. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ajá lásán ni, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ohun tí ẹ fẹ́ràn ń ṣàìsàn, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti banú jẹ́.

A kò ní bá ọkọ yín jiyàn lórí ìgbàgbọ́. Ohun tí a lè ṣe ni kí a fún ẹ̀yin méjèèjì ní nǹkan tí ẹ jọ lè wò. Dókítà ẹranko ará Amẹ́ríkà kan, Alice Villalobos, ṣe òṣùwọ̀n kan: ìrora (mímí wà nínú rẹ̀), ebi, omi ara, ìmọ́tótó, inú dídùn, rírìn, àti bóyá ọjọ́ rere ju ọjọ́ burúkú lọ. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 10, tí 10 jẹ́ èyí tó dára jù. Bí àpapọ̀ bá lé ní 35, ìtọ́jú ilé ṣì tọ́ sí i. Kí ẹ̀yin àti ọkọ yín kọ tiyín sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní alaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tó fi hàn ara yín. Ẹ ka mímí rẹ̀ nígbà tó bá sùn: bí ó bá ń lé ní 30 ní ìṣẹ́jú kan, ó ń ṣiṣẹ́ kí ó tó lè mí. Ajá tí kò lè mí dáadáa, a kò gbọdọ̀ ní kó ní sùúrù. Bí ọkọ yín kò bá gbà síbẹ̀, ẹ béèrè oògùn ìrora tó tó, kí ó má jìyà títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé.

Bí ẹ bá jọ gbà, ẹ ní kí dókítà kọ́kọ́ fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú oorun wá. Èyí tó kẹ́yìn jẹ́ oògùn oorun tó pọ̀ ju ìwọ̀n, inú iṣan ló ń lọ, kì í sì í gbà ju ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Ojú rẹ̀ kò ní dé, ó lè tọ̀, ó sì lè mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn tó ti lọ; kò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oògùn apakòkòrò ṣe é láé. Ikú oró ni.

Ẹ má sọ fún àwọn ọmọ pé ó rìnrìn àjò. Wọn á máa dúró dè é lẹ́nu géètì. Ẹ sọ pé ó ṣàìsàn tí oògùn kò ràn, pé ó ti kú. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ jìn tó mítà kan ó kéré tán, torí oògùn náà ṣì wà nínú ẹran rẹ̀. Ajá tàbí igún tó bá hú u jẹ lè kú. Bí gbogbo àgbàlá yín bá jẹ́ sìmẹ́ǹtì, ẹ bá dókítà ṣètò rẹ̀ ṣáájú, kì í ṣe lọ́jọ́ náà. Àkìtàn kọ́ ni ibi tó yẹ ẹ́.

Ìbéèrè: Ajá mi funfun, irun rẹ̀ kò pọ̀. Ó fẹ́ràn kó máa dàyà délẹ̀ sínú oòrùn. Egbò kan wà ní ikùn rẹ̀ tí kì í jinná. *Sabon Gari, Kánò*

Ìdáhùn: Oòrùn yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ fura sí. Awọ funfun tí irun kò bò, ní ikùn, ní òkè imú àti ní etí, kò ní ohun tí yóò dí oòrùn, ó sì lè di jẹjẹrẹ awọ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ẹ má fi ízàlì tàbí omi bátìrì sí egbò náà. Kí wọ́n gé ẹran díẹ̀ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò lọ́sẹ̀ yìí, torí èyí tí kò tíì wọlé jìn, gígé nìkan lè yanjú rẹ̀. Láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ jẹ́ kó wà lábẹ́ ibòji tàbí nínú ilé, kódà nígbà ọyẹ́, nítorí atẹ́gùn tútù kò dín agbára oòrùn kù.